Ọ̀rọ̀ Méje Nípa Ilẹ̀, Omi àti Igbó Wa, àti Ìtumọ̀ Wọn

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí ó jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn kí ó tó fẹ̀yìn tì, sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú.

  

Akọ̀wé wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá ṣe àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́ lórí rédíò, tí a sì ń rí nínú ìwé ìròyìn, nípa ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti igbó. Ó ní àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ilé ẹ̀kọ́ a máa kọ́ wọn sórí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n fi èdè bàbá wọn sọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọn a dákẹ́. Iṣẹ́ rere ni Akọ̀wé rán mi, mo sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀: kì í ṣe nítorí ẹ̀kọ́ nìkan ni mo ṣe wá. Ní ọ̀la, nígbà tí ìpàdé bá tún jókòó, a óò gbé ọ̀rọ̀ igbó orísun odò wa kalẹ̀, bóyá kí a ta àwọn igi ńláńlá inú rẹ̀ fún àwọn onígẹdú, kí a fi owó rẹ̀ kan òrùlé gbọ̀ngàn ìlú, tàbí kí a má tà á. Àwa tí a óò dá ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ orúkọ ohun tí a fẹ́ tà. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a jọ wo ilé náà.

Ọ̀rọ̀ èkíní ni ÀYÍKÁ. Ohun gbogbo tí ó yí ènìyàn ká ni àyíká rẹ̀: ilẹ̀ tí a ń tẹ̀, omi tí a ń mu, afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú, igi, koríko, ẹran, ẹyẹ, kòkòrò, títí kan ilé tí a kọ́ àti ọ̀nà tí a là. Àwọn kan rò pé àyíká kò ju iwájú ilé ẹni lọ. Pé bí mo bá ti gbá àgbàlá mi, tí mo sì da pàǹtírí rẹ̀ sí ojú àgbàrá, mo ti tún àyíká mi ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàrá tí ó gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá, iwájú ilé ẹlòmíràn ni ó ń lọ.

Ẹ wo odò Ọ̀ṣun. Igbó Ọ̀ṣun tí ó wà ní Òṣogbo fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ní 1965 ni ìjọba àpapọ̀ kéde apá kan nínú rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bàjẹ́, a sì fi òfin náà kan gbogbo igbó náà ní 1992. Ní 2005 àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Àwọn olùsìn, àwọn oníṣẹ́ ọnà, àti Susanne Wenger tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ni wọ́n dúró gbọn-in kí a má baà gé igbó náà, kí a má sì pín ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe é, igbó náà sì wà títí di òní. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, omi Ọ̀ṣun pọ́n rúsúrúsú, nítorí àwọn tí ń wa wúrà ní ìhà òkè odò, tí wọ́n ń fọ ẹrẹ̀ sínú omi. Àwọn tí ó wà ní Òṣogbo ṣọ́ igbó wọn, síbẹ̀ ìbàjẹ́ ti ọ̀nà jíjìn wá bá wọn. Èyí ni ó fi hàn wá pé àyíká kò mọ ààlà oko, kò sì mọ ààlà ìlú. Odò wa pẹ̀lú kì í ṣe ti àwa nìkan. Abúlé mélòó ni ó wà ní ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń pọn ín mu? Ohun tí a bá ṣe ní orísun, ẹnu wọn ni yóò dé.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ÌBÁGBÉ Ẹ̀DÁ. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Ernst Haeckel, ni ó dá ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò fún un sílẹ̀ ní 1866, inú èdè Gíríìkì ni ó sì ti mú un, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ilé. Ẹ gbọ́ bí ó ti bá tiwa mu! Ìmọ̀ nípa bí àwọn ẹ̀dá ṣe ń gbé pọ̀ nínú ilé kan náà ni. Igbó dà bí agbo ilé ńlá, tí olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ewé wọ́ sílẹ̀. Ikán, ekòló àti olú jẹ ẹ́ di ilẹ̀dú. Ilẹ̀dú bọ́ gbòǹgbò. Gbòǹgbò bọ́ igi. Igi sì tún wọ́ ewé sílẹ̀. Kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀.

N óò mú ẹyọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo wa ni a mọ àdán, tí àwọn ọmọdé ń sọ lókò, tí àwọn mìíràn sì ń kà sí ohun àìdára. Àdán ni ó máa ń jẹ èso ìrókò ní òru, tí í sì í su kóró rẹ̀ sí ibi tí ó bá fò dé. Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó wà nínú àwọn tí ń gbin ìrókò jù lọ. Bí a bá wá pa àdán run, ta ni yóò bá wa gbin ìrókò? Àbí nínú gbogbo àwa tí a jókòó síhìn-ín, ta ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ìrókò kan rí?

Ọ̀rọ̀ kẹta ni Ọ̀PỌ̀ IRÚ Ẹ̀DÁ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí onírúurú igi, ewé, ẹran, ẹyẹ àti kòkòrò kí ó wà pọ̀ ní ibì kan, kí ó má jẹ́ irú kan ṣoṣo. Ẹnìkan sọ fún mi ní ọjà pé, “Olùkọ́, kí ni ó wá burú níbẹ̀? Bí a bá gé igbó yìí, a óò gbin tíìkì tàbí gmelina dípò rẹ̀, ní ọdún díẹ̀ igbó mìíràn ti dé.” Mo dá a lóhùn pé oko igi ni yóò dé, kì í ṣe igbó. Oko tíìkì ní igi, ṣùgbọ́n irú igi kan náà ni lórí ìlà, tí gbogbo wọn jẹ́ ẹgbẹ́. Kò sí àràbà níbẹ̀, kò sí ọ̀mọ̀, kò sí àfàrà, kò sí ewé tí àwọn ìyá wa fi ń di ẹ̀kọ, kò sí egbòogi tí àwọn oníṣègùn wa ń wá. Bí àrùn kan bá sì kọlu tíìkì, gbogbo oko ni yóò mú. Ìrókò pàápàá jẹ́rìí sí i. Kòkòrò kékeré kan wà tí ń ba ewé àti ọ̀mùnú ọmọ ìrókò jẹ́, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá gbìn ín pọ̀ lórí ìlà bí ẹni gbin kòkó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í dàgbà dáradára. Àárín àwọn igi mìíràn ni ó ti máa ń yè. Ohun tí Ẹlẹ́dàá pò pọ̀, ìdí wà tí ó fi pò ó.

Ọ̀rọ̀ kẹrin ni ÌṢÀNLỌ ILẸ̀. Èyí ni kí omi òjò tàbí afẹ́fẹ́ kí ó máa kó ojú ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ku òkúta. Nígbà tí mo ń kọ́ni, mo máa ń fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi báyìí: n óò kó ilẹ̀ lásán sínú àpótí kan, n óò sì gbé ilẹ̀ tí koríko hù lé lórí sínú èkejì. N óò gbé àwọn méjèèjì dàgẹ̀rẹ̀, n óò sì fi garawa kan náà da omi sí wọn lórí. Láti inú ti èkíní, omi pupa yóò tú jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò sì dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láti inú ti èkejì, omi kò ní í tètè jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán, mímọ́ ni yóò mọ́, yóò sì máa kán títí tí a óò fi ka ìwé mìíràn tán. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ igbó wa ni ó wà nínú àpótí méjèèjì yìí. Ewé igi ń gba agbára lọ́wọ́ òjò kí ó tó balẹ̀. Ewé gbígbẹ àti ilẹ̀dú ń fà á mu. Gbòǹgbò ń ṣí ọ̀nà fún un wọ inú ilẹ̀ lọ. Láti inú ilẹ̀ ni ó ti ń sun wá sí odò ní oṣù tí òjò kò sí. Nítorí náà ni odò wa kì í fi í gbẹ nínú ọyẹ́. Bí a bá gé igbó náà, òjò kan náà ni yóò máa rọ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá rọ̀ ni gbogbo omi náà yóò ya wá bá wa, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì dé, a óò máa wá a.

Ohun tí omi lè ṣe kì í ṣe àlọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún àkúnya, ó kó ilé, ó kó ọkọ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan náà, ó wó afárá, ó sì tún gba ẹ̀mí púpọ̀. Òjò ńlá ni ó rọ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti kọ́ ilé sí etí odò, wọ́n sì ti da pàǹtírí dí ojú ọ̀nà omi. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Bí a bá dí i, yóò la òmíràn gba inú yàrá wa.

Ọ̀rọ̀ karùn-ún ni ÌSỌDÈÉRÍ, èyí ni kí a fi ìdọ̀tí tàbí májèlé ba ilẹ̀, omi tàbí afẹ́fẹ́ jẹ́. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa kò gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Koko, ìlú kan ní etí omi ní ìhà Bẹ́ńdẹ̀lì ìgbà náà. Ní 1988 ni àṣírí tú pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá tí ó kún fún májèlé láti ilẹ̀ Ítálì wá síbẹ̀, tí wọ́n sì tò wọ́n jọ sí àgbàlá ẹnìkan nítorí owó kékeré. Ọ̀ràn náà ni ó mú kí ìjọba àpapọ̀ gbé òfin jáde lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tí ó sì dá àjọ tí yóò máa ṣọ́ àyíká sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an. A bínú sí àwọn òyìnbó wọ̀nyí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjà wa ńkọ́? Ní ayé àwọn ìyá wa, ewé ni a fi ń di ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ́ tán, a sọ ewé nù, ó jẹrà, ó di ilẹ̀. Lónìí ọ̀rá ni a fi ń di gbogbo rẹ̀. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé. Èyí tí a sọ nù nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó yóò ṣì wà nínú gọ́tà nígbà tí a bá ń sọ ọmọ-ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tí yóò kó o ni kì í gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ kẹfà ni ÌYÍPADÀ OJÚ ỌJỌ́, èyí sì ni ọ̀rọ̀ tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù lọ. Kì í ṣe pé òní tutù, àná sì móoru. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ máa ń kó pọ̀ wò kí wọ́n tó sọ pé bí ìgbà ṣe rí ní ibì kan nìyí. Afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide. Àwa ń mí i síta. Ewé igi sì ń fà á wọlé, òun ni igi fi ń ṣe oúnjẹ àti ara rẹ̀. Bí a bá sun igi, tàbí èédú ilẹ̀, tàbí epo bẹntiróò, afẹ́fẹ́ náà yóò tún padà sí òfuurufú. Bí aṣọ ìbora ni ó rí lórí ayé: a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè jáde. Bí kò bá sí rárá, òtútù ì bá pa wá. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń da ìbora mẹ́ta bora nínú oṣù ẹ̀ẹ̀rùn? Kí àwọn ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó gbilẹ̀ ní Yúróòpù, bí a bá pín òfuurufú sí ìwọ̀n mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 nínú rẹ̀ ni ti afẹ́fẹ́ yìí. Láti 1958 ni a ti ń wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, lónìí ó sì ti ju 420 lọ. Nítorí náà ni ayé fi ń gbóná sí i, tí ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sì fi bá ìṣirò àwọn àgbẹ̀ mu bí ti àtijọ́.

Òótọ́ ni pé ìpín kékeré ni ilẹ̀ Áfíríkà ní nínú ẹ̀bi yìí. Ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ kò béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi kí ó tó wọlé. Igi kan tí ó dúró ní orísun odò wa, ó ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún kó afẹ́fẹ́ yìí pamọ́ sínú ara rẹ̀. Bí òjò bá sì ti ń ṣe ségesège tó, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a nílò ohun tí yóò máa fa omi rẹ̀ mu pamọ́ dè wá.

Ọ̀gbẹ́ni Alága, mo dé orí ọ̀rọ̀ keje, òun ni mo sì tìtorí rẹ̀ pa gbogbo àwọn yòókù jọ. Mo pè é ní ÌLÒ-ÀLÒPẸ́. Àwọn òyìnbó ní orúkọ gígùn fún un, ṣùgbọ́n inú igbó ni wọ́n ti rí i. Ní 1713, ní Saxony ní ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hans Carl von Carlowitz kọ ìwé kan nípa igi. Alákòóso ibi tí wọ́n ti ń wa fàdákà ni. Wọ́n ń gé igi láti fi gbé òrùlé kòtò ró, wọ́n ń gé e láti fi yọ́ fàdákà, títí igbó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní àyíká wọn. Ó wá rí i pé bí igi bá tán, fàdákà pàápàá yóò di aláìwúlò. Ó ní kí wọ́n má ṣe gé ju ìwọ̀n tí ó ń hù lọ, kí wọ́n sì máa gbin òmíràn. Ní 1987, ìgbìmọ̀ kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn, tí Gro Harlem Brundtland ti Nọ́wè jẹ́ alága rẹ̀, mú ọ̀rọ̀ náà gbòòrò: wọ́n ní ìlọsíwájú tòótọ́ ni èyí tí ó tó àwọn tí ó wà láyé lónìí, tí kò sì gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí a kò tí ì bí.

Ǹjẹ́ àjèjì ni èyí sí wa bí? Rárá o. Ẹ bi àwọn ìyá wa tí ń ṣòwò: èrè ni à ń jẹ, a kì í jẹ ojú owó. Ẹni tí ó bá jẹ ojú owó, yóò jẹun dáradára ní ọdún kan, kò sì ní í ní ìsọ̀ mọ́ ní ọdún kejì. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti ro oko kan fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, kí igbó tún bò ó. Oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bó èèpo igi yí igi ká, nítorí ó mọ̀ pé kíkú ni yóò kú. Apẹja àtijọ́ fi ojú àwọ̀n sílẹ̀ kí ó fẹ̀, kí ọmọ ẹja lè bọ́ lọ dàgbà. Ìlò-àlòpẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Tiwa ni, a kàn sọ ọ́ nù ni.

Èmi ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ èmi pàápàá kò mọ́. Ní 1991, ọmọ mi obìnrin rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì, owó kò sì sí. Ìrókò mẹ́ta dúró nínú oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀. Bàbá mi sọ fún mi nígbà ayé rẹ̀ pé òun bá wọn níbẹ̀ ni, pé bàbá òun pàápàá bá wọn níbẹ̀. Mo ké sí onígẹdú. Ní ọjọ́ méjì péré, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣubú, wọ́n fọ́ kòkó púpọ̀. Nígbà tí katakata wá wọ́ wọn jáde, ó tún fọ́ òmíràn. Àwọn kòkó tí ó kù, tí wọ́n ti ń gbé abẹ́ òjìji, oòrùn bọ́ sí wọn lórí, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ọ̀nà tí katakata gbà, òjò ọdún náà gbà á, ti èkejì náà tún gbà á. Lónìí kòtò tí ó wà níbẹ̀ jìn ju ìdúró ènìyàn lọ. Owó tí mo gbà tó owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́ta tí ó kù, àjọ àti owó èlé ni mo fi parí rẹ̀. Ọmọ náà kàwé yege, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n kò sì kábàámọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé àjọ tí mo padà dá ní ọdún kejì, mo lè dá a ní ọdún kìíní, kí ìrókò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níbẹ̀ di òní. Ojú owó ni mo jẹ, mo pè é ní èrè.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ọ̀la. Àwọn tí wọ́n mú àbá títa igi wá kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Èmi mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti náwó, wọ́n ti nára fún gbọ̀ngàn yìí, ó sì dùn wọ́n pé òjò ń rọ̀ sórí ògiri tí a ti mọ. Èmi náà wà nínú ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn, ó dùn mí bákan náà. Wọ́n ní igbó náà dùbúlẹ̀ lásán, kò ṣe ìlú ní àǹfààní kankan. Èsì mi nìyí: ṣé ẹ rántí ọdún tí ẹ̀rọ kànga ìlú bàjẹ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tí a kò rí ẹni tún un ṣe fún oṣù méjì? Níbo ni gbogbo wa ti pọn omi? Igbó tí a ní ó dùbúlẹ̀ lásán ni ó bọ́ ìlú ní oṣù méjèèjì náà, kò sì fi ìwé owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo gbé àbá mẹ́ta síwájú yín. Èkíní, kí ìpàdé kí ó má ṣe fọwọ́ sí títa igi kankan ní orísun odò, kí Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè sì fi àmì pààlà igbó náà, kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìlú, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà sọ pé àwọn kò mọ̀. Èkejì, kí olúkúlùkù àwa tí a ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí owó ìfẹ̀yìntì kí ó san owó ẹgbẹ́ ọdún méjì pa pọ̀ ní ọdún yìí nítorí òrùlé náà. Ẹni tí Ọlọ́run bá sì ṣe é fún jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó ra páànù. Èmi yóò san tèmi kí n tó kúrò níhìn-ín. Bí kò bá tó, kí a fi ọdún kan sí i. Gbọ̀ngàn lè dúró de ọdún kan. Igi tí a bá gé, kò sí ẹni tí ó jókòó síhìn-ín tí yóò rí irú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta, kí ilé ẹ̀kọ́ wa kí ó ní ebè tí a óò ti máa tọ́jú ọmọ igi, kí a sì máa gbìn wọ́n sí etí odò àti sí ibi tí ilẹ̀ ti ń ṣàn lọ. Ẹnikẹ́ni kí ó má sọ pé ohun kékeré ni èyí. Wangari Maathai ti ilẹ̀ Kẹ́ńyà bẹ̀rẹ̀ ní 1977 pẹ̀lú àwọn obìnrin abúlé àti ọmọ igi díẹ̀. Nígbà tí ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2004, igi tí wọ́n ti gbìn ti ju mílíọ̀nù 30 lọ. Òun ni obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà. Mo sì ti ṣe tán láti máa wá sí ilé ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ náà, láìgba kọ́bọ̀.

Kábíyèsí, Ọ̀gbẹ́ni Alága, ẹ̀yin ará ìlú mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ méje fún yín. Bí ẹ bá gbàgbé mẹ́fà, ẹ má ṣe gbàgbé ti keje. A pe ẹgbẹ́ yìí ní Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú. Ẹni tí ó ń lọ síwájú tí ó sì ń hú ilẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, ọ̀nà wo ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò gbà tẹ̀ lé e? Àwọn bàbá wa ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òwe ni wọ́n fi í pa ní ibòmíràn. Ní ìlú wa, ní ọ̀la, kì í ṣe òwe mọ́.

Kí Ọlọ́run kí ó fún wa ní ọgbọ́n láti dá ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yẹ. Kí ìlú wa kí ó máa tẹ̀ síwájú, kí odò wa kí ó má ṣe gbẹ.